John Wesley àti Ìwé Kan Ṣoṣo

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:10-12, 18:24-28

Ibi méjì ni a kà láàárọ̀ yìí. Nínú èkíní, àwọn ará Bèréà fi ayọ̀ gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n tún ń tú Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti rí i bóyá òótọ́ ni. Nínú èkejì, Àpólò tó mọ Ìwé Mímọ́, tó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, gbà kí Àkúílà àti Pìrìsílà, tọkọtaya tí ń pa àgọ́, mú un mọ́ra kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ohun tí kò tíì mọ̀.

Ẹ bi ara yín léèrè, èwo nínú méjèèjì ni ó rọ̀ yín lọ́rùn jù? Ará kan wà nínú ìjọ tí kì í ṣí Bíbélì rẹ̀ láti ọjọ́ Ìsinmi kan títí di òmíràn. Ohun tí Bàbá bá ti wí lórí pẹpẹ, ó parí. Ará mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tó ti gba Ẹ̀mí Mímọ́, kò sí pásítọ̀ tó tún lè kọ́ ọ ní nǹkan mọ́. Ohun tí òun nìkan bá rí nínú yàrá rẹ̀, òun nìyẹn. Àwọn méjèèjì jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ewu sì ń bẹ lórí àwọn méjèèjì.

Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan wà láyé àtijọ́ tó bá ewu méjèèjì pàdé, tó sì là á já. Orúkọ rẹ̀ ni John Wesley. Ẹ mọ Ìjọ Elétò, tí a ń pè ní Mẹ́tọ́díìsì, tí àwọn míṣọ́nnárì rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Badagry ní ọdún 1842. Láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni ìjọ náà ti ṣẹ̀.

Epworth, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kẹfà ọdún 1703. Samuel, bàbá rẹ̀, ni àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà níbẹ̀. Susanna, ìyá rẹ̀, bí ọmọ mọ́kàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú ní ìkókó. Màmá yìí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí John ní. Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún, yóò fi odindi ọjọ́ kan kọ́ ọ ní gbogbo lẹ́tà, ohun tí ọmọ náà yóò sì kọ́kọ́ fi kọ́ ìwé kíkà ni orí kìíní Jẹ́nẹ́sísì. Ó tún ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí òun àti ọmọ náà nìkan jókòó sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má ṣe fojú kékeré wo Ọjọ́bọ̀ yẹn. Nígbà tí John wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ilé wọn jóná lóru. Ojú fèrèsé òkè ni wọ́n gbà yọ ọ́ kí òrùlé tó wó lulẹ̀.

Ó lọ sí Yunifásítì Oxford, ó di díákónì ní 1725, ó di olùkọ́ ní yunifásítì, ó sì di àlùfáà ní 1728. Òun àti Charles àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé láti ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gíríìkì. Wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, wọ́n fi àkókò sí gbogbo nǹkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní elétò. Orúkọ ẹ̀sín náà ni ó di orúkọ ìjọ. Wesley tún sọ pé ní ìgbà kan òun rin ọ̀nà jíjìn lọ bá ọkùnrin olùfọkànsìn kan, ẹni náà sì jẹ́ kó yé òun pé kò sí ẹni tó lè dá nìkan rìn dé ọ̀run, pé kí òun wá ẹlẹgbẹ́, bí òun kò bá sì rí, kí òun wá bí òun yóò ṣe ní wọn. Kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí tó fi darúgbó.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwé àti gbogbo ààwẹ̀, kò ní àlàáfíà. Ní 1735 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà láti lọ wàásù. Ìjì dìde lójú òkun, ó sì fa ìgbòkun ńlá ya. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì inú ọkọ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n àwọn Kristẹni kan láti ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń pè ní àwọn ará Moravia, ń kọ orin wọn lọ, tọkọtaya, tọmọdé tàgbà. Àyà Wesley já. Ó rí i pé òun tí òun ń lọ kọ́ni ń bẹ̀rù ikú. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Georgia kò yọrí sí rere, ó le koko ju bí ó ti yẹ lọ, ó bá àwọn èèyàn jà, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1738 ó ti padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó bàjẹ́.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1738, ó pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní London, Peter Böhler, ọ̀kan nínú àwọn ará Moravia. Wesley jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà, ó sì gbọ́ èdè Gíríìkì. Böhler ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Èdè Látìnì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì já gaara lẹ́nu àlejò náà. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ ro ó wò: ta ni nínú wa tó fẹ́ kí ọmọdé tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ kọ́ òun ní ohun tí òun ti ń wàásù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Wesley jókòó, ó sì gbọ́.

Böhler sọ fún un pé ìgbàgbọ́ tòótọ́ a máa mú ìṣẹ́gun lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti àlàáfíà wá, àti pé Ọlọ́run lè fi í fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú kan. Ti ìṣẹ́jú kan yìí ni Wesley kò lè gbà. Kò bá Böhler jà lórí rẹ̀, kò sì gbà á nítorí pé Böhler ni ó sọ ọ́. Ó gbé Májẹ̀mú Titun rẹ̀ tí ó wà ní èdè Gíríìkì, ó ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ronú pìwà dà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé òun yóò rí ohun tí òun yóò fi dá a lóhùn. Ohun tó rí ni pé bóyá ni ẹnì kan wà níbẹ̀ tí tirẹ̀ pẹ́, àfi Pọ́ọ̀lù tó lo ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá ní ibi kan ṣoṣo tó lè sá sí, pé bóyá ayé àwọn àpọ́sítélì nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Böhler kó àwọn alààyè wá bá a, wọ́n jẹ́rìí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wọn. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu Wesley.

Ṣáájú ìgbà yẹn ló ti fẹ́ fi ìwàásù sílẹ̀ pátápátá, nítorí kò mọ bí òun yóò ṣe máa wàásù ìgbàgbọ́ tí òun kò ní. Böhler ni ó kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó máa wàásù rẹ̀ nìṣó títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bíbélì kíkà nìkan ì bá má fún un ní ìmọ̀ràn yẹn lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí Ọlọ́run rán wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó fún un.

Ọjọ́ tí a ń retí dé ní 24 oṣù Karùn-ún 1738. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ó ṣí Bíbélì, ìlérí inú 2 Pétérù 1:4 sì bọ́ sí i lójú. Nígbà tó di alẹ́, pẹ̀lú ìlọ́ra, ó lọ sí ìpàdé kékeré kan ní òpópónà Aldersgate. Ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí Martin Luther kọ sí Ìwé Róòmù. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́sàn-án lù, ara Wesley yí padà nínú lọ́hùn-ún, ọkàn rẹ̀ gbóná, ó sì dá a lójú pé ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ gan-an ni Kristi gbé lọ. Ìwé Mímọ́ ni ó kà ní ìdájí fúnra rẹ̀. Àlàyé olùkọ́ tó ti kú láti 1546 ni ó gbọ́ ní alẹ́. Böhler, tó ti bá a fa ọ̀rọ̀ náà láti oṣù Kejì, ti wọkọ̀ kúrò ní London kí oṣù Karùn-ún tó dé àárín, kò sì sí níbẹ̀ láti rí i. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, pé olùkọ́ gbìn, kò sì dúró láti gba ìyìn ìkórè.

Mi ò ní fi ohun kan pa mọ́ fún yín. Wesley náà ní àṣà kan tí kò yẹ ká kọ́. Nígbà tí George Whitefield pè é sí Bristol ní oṣù Kẹta 1739, ó ń ṣí Bíbélì ṣáá pé ibi tí ojú òun bá bà ni ìdáhùn. Ibi tó ń ṣí kò dùn: ikú Mósè, ìsìnkú Stéfánù, ìjìyà Pọ́ọ̀lù. Ì bá má lọ. Àwọn ará ìpàdé rẹ̀ bá a jiyàn lórí rẹ̀, nígbẹ̀yìn wọ́n ṣẹ́ kèké, ó sì lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ó dúró níta gbangba níbẹ̀, ó wàásù fún nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, iṣẹ́ ńlá sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ju Bíbélì sílẹ̀ kó ṣí fúnra rẹ̀ láàárọ̀, ẹ rántí Bristol. Bíbélì kíkà kọ́ nìyẹn.

Láàárín àkókò yìí, wàhálà ń bọ̀ láti ibi tí kò retí. Àwọn ará Moravia tó bí i nínú ìgbàgbọ́, tó ti rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ wọn ní Herrnhut ní Jámánì, ní olùkọ́ kan tó dé London ní oṣù Kẹwàá 1739. Philip Molther ni orúkọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìpàdé Fetter Lane pé ẹni tí iyèméjì bá ṣẹ́ kù lọ́kàn rẹ̀ kò ní ìgbàgbọ́ rárá, àti pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ka Bíbélì, kò gbọdọ̀ gbàdúrà, kò gbọdọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kó sáà dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ìgbàgbọ́ yóò fi dé. Àwọn tó gbóná tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Wọ́n pa Bíbélì dé.

Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Olùkọ́ rere ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìmọ́lẹ̀ ti dé bá a. Wesley fi oṣù púpọ̀ bá wọn sọ ọ́, ó tú Ìwé Mímọ́ sílẹ̀ níwájú wọn, ó fi hàn pé Jésù fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé ká máa wá inú rẹ̀, ká máa béèrè, ká máa jẹ oúnjẹ náà ní ìrántí rẹ̀. Wọn kò gbọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 1740, ó ka ìwé kékeré kan síwájú ìpàdé, ó sọ ohun tí kò lè fara mọ́, ó sì dìde. Àwọn bí méjìdínlógún tàbí mọ́kàndínlógún ni ó bá a jáde. Èyí dùn ún. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà tó sọ fún un ní 1738 pé òótọ́ ni Böhler ń sọ, òun ni ó sọ fún un ní 1740 pé Molther ti ṣì í.

Lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí ọdún 1741, ó rìnrìn àjò, ó fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Thomas Maxfield, sílẹ̀ kó máa bá àwọn ará gbàdúrà ní London. Maxfield kì í ṣe àlùfáà, kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Wesley fi ìbínú sáré padà wálé láti dá a dúró. Màmá Susanna ti darúgbó, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni ó ń gbé nígbà náà. Màmá kìlọ̀ fún un pé kó ṣọ́ra, pé Ọlọ́run ni ó pe ọmọ náà, kó yẹ èso iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ ná. John tẹ́tí sí ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ Maxfield, ó sì gbà pé iṣẹ́ Olúwa ni. Bí àwọn oníwàásù tí kì í ṣe àlùfáà ṣe di ọ̀pọ̀ láàárín àwọn Elétò nìyẹn. Ọdún 1742 ni màmá kú.

Nígbà tó tẹ ìwàásù rẹ̀ jáde ní 1746, Wesley kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé òun fẹ́ jẹ́ ọkùnrin ìwé kan ṣoṣo, ìyẹn Bíbélì. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìyẹn, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú díẹ̀, nítorí ó sọ bí òun ṣe ń ka ìwé kan ṣoṣo náà. Ó ń jókòó lóun nìkan níwájú Ọlọ́run. Bí ibì kan bá ṣókùnkùn, ó ń gbàdúrà fún ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń fi ẹsẹ Bíbélì kan wé òmíràn, ó sì ń ronú lé e lórí. Bí iyèméjì bá tún kù, ó ń lọ bá àwọn tó ní ìrírí nínú ohun ti Ọlọ́run, lẹ́yìn wọn ó ń ka ìwé àwọn tó ti kú. Ẹ wo bó ṣe tò ó. Pásítọ̀ kò ṣáájú àdúrà níbẹ̀, àdúrà kò sì lé pásítọ̀ jáde.

Ohun tó ṣe fún ara rẹ̀, ó ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Láti 1749 dé 1755 ó tẹ àádọ́ta ìwé jáde, tí ó ṣà nínú iṣẹ́ àwọn Kristẹni ayé àtijọ́, kí àwọn oníwàásù rẹ̀ tó ń gun ẹṣin káàkiri lè rí nǹkan kà. Ní 1755 kan náà ó tẹ àlàyé Májẹ̀mú Titun jáde, ó sì jẹ́wọ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ Bengel, onímọ̀ Bíbélì ará Jámánì kan.

Nígbà tó di 1762, ewu kejì dé. Ṣọ́jà àtijọ́ kan tó ń jẹ́ George Bell wà nínú ìjọ rẹ̀ ní London. Ó ní iná, ó ń gbàdúrà bí ẹni tí òrun kò kùn rí. Òun àti àwọn tó ń tẹ̀ lé e wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ti dé ibi kan nínú ẹ̀mí tí ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ kò lè kọ́ àwọn ní nǹkan. Maxfield, tí màmá gbà sílẹ̀ nígbà kan, gbè sẹ́yìn wọn. Wesley lọ dúró síbi tí wọn kò ti lè rí i, ó gbọ́ àdúrà Bell fún nǹkan bí wákàtí kan. Ó yìn ín fún ìtara rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà lórí ariwo rẹ̀, lórí bó ṣe ń rò pé òun ń rí inú ọkàn èèyàn, àti lórí bó ṣe ń dá àwọn tó bá ta kò ó lẹ́bi. Bell kò gbà. Lójú tèmi, Wesley fún un láyè pẹ́ jù. Ọmọ tí a fẹ́ràn ni ó ṣòro láti bá wí.

Bell wá kéde pé ayé yóò parí ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1763. London dàrú. Wesley kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé òun kò ní ìpín nínú àsọtẹ́lẹ̀ náà. Nígbà tí alẹ́ ọjọ́ náà lẹ́, àwọn aláṣẹ ti mú Bell. Wesley wàásù ní Spitalfields, ó fi yé àwọn èèyàn pé ìran náà kò lè ṣẹ, kí wọ́n sì múra láti pàdé Ọlọ́run wọn nígbàkigbà. Ọ̀pọ̀ kò lè sùn, àwọn kan ń rìn kiri nínú pápá pé bí ayé kò bá parí, ilẹ̀ yóò mì. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá Wesley ti sùn lọ fọnfọn. Ilẹ̀ mọ́. Maxfield fi ìjọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, nǹkan bí igba ènìyàn sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Wesley. Ní 1766, nígbà tó ń bá àwọn oníwàásù rẹ̀ ṣèpàdé, ó ní kí wọ́n máa ka ìwé fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán lójúmọ́. Bí ẹnì kan bá fèsì pé Bíbélì nìkan ni òun ń kà, èsì rẹ̀ wà nílẹ̀: irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ga ju Pọ́ọ̀lù lọ nìyẹn, ẹni tó ránṣẹ́ kí wọ́n bá òun kó ìwé òun wá. Ó rán wọn létí pé ohun tí George Bell sọ nìyẹn, àti pé ní báyìí Bell kò ka Bíbélì mọ́, kò sì ka ìwé mìíràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ìwé kíkà, kó kọ́ bí yóò ṣe fẹ́ràn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó ìwé, òun yóò fún un ní ìwé tó tó pọ́n-ùn márùn-ún bó bá ṣe ń kà á tán sí. Nǹkan ńlá ni pọ́n-ùn márùn-ún nígbà náà.

Ó gun ẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ogbó fi dé, ó sì ń kàwé lórí ẹṣin náà. Ní oṣù Kejì 1791, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, agbára rẹ̀ ti tán. Ó ṣì ń kàwé. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan jẹ́ ti ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n ti tà lẹ́rú rí. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Olaudah Equiano ni, ẹni tó sọ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé. Wesley kà á níbẹ̀ pé ní àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lókè òkun, ẹ̀rí ènìyàn dúdú kò já mọ́ nǹkan níwájú adájọ́ bó bá jẹ́ pé òyìnbó ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Ó bí i nínú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ó kọ lẹ́tà sí William Wilberforce, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń bá òwò ẹrú jà, pé kó má ṣe rẹ̀ ẹ́. Kò tún kọ lẹ́tà mìíràn tí a mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1791, nínú ilé rẹ̀ ní City Road ní London, ó sùn nínú Olúwa.